Bí a ṣe yọ ariwo iná mànàmáná kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Àgbà láì ba àmì ohùn jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òkun, àti gbogbo ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nílé. Kásẹ́ẹ̀tì C90 kan (ìṣẹ́jú 45 ní ìhà kọ̀ọ̀kan) ló wà nínú àpótí àwọn bàbá wa ní Ìsánlú, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ohùn Bàbá Àgbà ló wà nínú rẹ̀: ìtàn ìdílé, òwò tí wọ́n ṣe dé etí Odò Ọya, oríkì, àti àdúrà ní ìparí. Kò sí ẹni tó kọ ọdún sára rẹ̀. Àmọ́ Bàbá Àgbà fi ẹnu ara wọn sọ níbì kan pé "ìpínlẹ̀ wa yìí, Kwara". Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, nítorí náà wọ́n ti gba ohùn yìí sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Mo ń kọ àkọsílẹ̀ yìí nítorí pé púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa fífọ ohùn mọ́, àwọn tí èdè wọn kò ní àmì ohùn ló kọ ọ́ fún ara wọn. Wọ́n á ní kí o gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 120 Hz dànù (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Fún àgbàlagbà ọkùnrin tó ń sọ Yàgbà, ẹ̀ka èdè Yorùbá tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ohùn ìsàlẹ̀ ń gbé.

Kí a tó tan kọ̀ǹpútà

Rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí a rí kò tíì kú, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì inú rẹ̀ ti rọ̀. Oníṣẹ́ rédíò kan ní Kábà bá wa pààrọ̀ rẹ̀. Ó fi òwú àti sípírítì nu hẹ́ẹ̀dì (irin kékeré tó ń ka téèpù) àti rọ́bà tó ń fa téèpù, ó ń nù ún títí òwú fi ń jáde ní funfun. Kí a tó gbọ́ ohunkóhun, a yí téèpù náà lọ dé òpin, a sì yí i padà, nítorí téèpù tó ti dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ra.

Síkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hẹ́ẹ̀dì tó yẹ kí ẹ mọ̀. Òun ló ń mú hẹ́ẹ̀dì dúró ṣánṣán sí ojú téèpù. Bí hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ohùn sílẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀, tí ti ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ kò sì tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn á di, á sì ṣòro láti mọ "s" yàtọ̀ sí "ṣ". Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé téèpù ló ti gbó. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi sukurudiráfà kékeré yí síkúrù náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ́tí sí i títí ohùn á fi mọ́ jù lọ. Nísàlẹ̀, ẹ ó rí i bí kọ̀ǹpútà ṣe lè jẹ́rìí sí ohun tí etí gbọ́.

Láti ihò íápíìsì rédíò ni wáyà ti lọ sínú káàdì ohùn kékeré tó ń wọ ojú USB. Ihò máìkì ti láàpútọ́ọ̀pù kì í sábà gba òsì àti ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì máa ń gba ohùn ní àgbàjù. Orí bátìrì ni láàpútọ́ọ̀pù náà ti ṣiṣẹ́, a yọ ṣájà kúrò pátápátá. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀. WAV, fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀, ni a fi gbà á, nọ́ńbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a kò sì jẹ́ kí ohùn tó ga jù lọ kọjá ìdajì ààyè tó wà. Ohùn tó bá ti lu òrùlé nígbà tí a ń gbà á kò ní àtúnṣe mọ́.

Ohùn di nọ́ńbà

Octave, ètò ìṣirò kan fún kọ̀ǹpútà, ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, bí ẹ bá sì ti fi í sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kò tún béèrè dátà. Ní ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ, nǹkan ńlá nìyẹn. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí mo bá ṣe sí ohùn náà wà ní kíkọ sílẹ̀, ìlà lẹ́yìn ìlà. Ọmọ tí wọn kò tíì bí lè ka ìlà wọ̀nyẹn, kí ó mọ ohun tí a yọ àti ohun tí a fi sílẹ̀.

Inú Octave, ohùn kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe òpó nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà láàárín -1 àti 1. Ẹ má ṣe ní kí ó ka gbogbo ìhà A lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú 45 jẹ́ nọ́ńbà 119,070,000 ní òpó kan. Octave ń fi báìtì 8 tọ́jú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà òpó méjèèjì máa jẹ tó gígábáìtì 1.9 nínú mẹ́mórì, bẹ́ẹ̀ sì ni fáìlì náà lórí dísìkì kò ju mẹ́gábáìtì 476 lọ, torí pé báìtì 2 péré ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gbà níbẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù tó ní gígábáìtì 4 máa dákú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú fáìlì, kí ẹ sì ka apá tí ẹ fẹ́ nìkan:

audioinfo("iha_A.wav")
[x, fs] = audioread("iha_A.wav", [1 10*44100]);
size(x)

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ nìyẹn, èsì rẹ̀ á sì jẹ́ 441000 àti 2. Lẹ́yìn ìgbà tí mo ti rí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo pín ìhà náà sí ìtàn kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àgbà máa ń dúró mu omi láàárín ìtàn kan àti òmíràn, ibẹ̀ ni mo ti gé e. Bí a bá fi aago pín in, asẹ́ tí a máa fi sẹ́ ariwo kúrò nísàlẹ̀ lè fi ariwo "ta" kékeré sí ojú ibi tí a gé, ó sì lè jẹ́ àárín ọ̀rọ̀ ni.

Àbúrò mi kan ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), ìkìlọ̀ kan sì wà fún irú wọn. Bí ẹ bá fi scipy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò Python, ka fáìlì WAV oníbáìtì méjì, nọ́ńbà odidi ló máa fún yín, èyí tí kò lè kọjá 32,767. Ẹ wá fẹ́ ro òsì pọ̀ mọ́ ọ̀tún: 20,000 pẹ̀lú 20,000 á di -25,536, nítorí nọ́ńbà náà yí po lọ sí ìsàlẹ̀ odo. Bí ó ṣe máa ń dún létí ni wàràwàrà bí ìgbà tí àgbàdo ń ta nínú iná. Ní Octave, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ á kàn dúró sí 32,767, kò ní í yí po, àmọ́ kò tọ̀nà síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di nọ́ńbà onídẹ́símà kí ẹ tó rò ó pọ̀.

Òsì, ọ̀tún, àti síkúrù yẹn

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ohùn Bàbá Àgbà kò ní ju máìkì kan lọ, nítorí náà ohun kan náà ló wà lósì àti lọ́tùn-ún. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, tí a sì pín in sí méjì, ọ̀rọ̀ á dúró bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ariwo "ṣìììì" ti téèpù, tó yàtọ̀ lósì sí ọ̀tún, á dínkù tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 (òun ni a fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó). Èrè ọ̀fẹ́ ni, bí òsì àti ọ̀tún bá ti ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà mẹ́rin yìí ló máa sọ bóyá wọ́n ń dé pọ̀:

pkg load signal
[r, lag] = xcorr(x(:,1), x(:,2), 50);
[~, k] = max(r);
lag(k)

Ní ti tiwa, èsì rẹ̀ jẹ́ 3 kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan síkúrù. Nọ́ńbà mẹ́ta nínú 44,100 kò dà bí ohun tó yẹ kí ó dààmú ẹnikẹ́ni, àmọ́ bí òsì bá fi mẹ́ta jìnnà sí ọ̀tún, tí a sì dà wọ́n pọ̀, wọ́n á pa ara wọn rẹ́ pátápátá ní 7,350 Hz, agbègbè ibẹ̀ sì ni "s" wa ń gbé. A padà sí ìdí síkúrù, a yí i títí xcorr fi mú 0 jáde, a sì tún gba gbogbo ìhà A láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó ní kí ó dà wọ́n pọ̀.

Ìyára

Mo gbé e dé Mọ̀pà fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ọmọ bíbí Bàbá Àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Mọ̀pà. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n sì gbọn orí.

"Ọmọ mi, bàbá mi ni, àmọ́ wọn kì í kánjú báyìí. Ohùn wọn wúwo jù èyí lọ."

Ohun tí wọ́n sọ yìí ni mo gbé padà lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà. Mo mú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mo sì wo ohun tó kù níbẹ̀:

y = mean(x, 2);
y = y - mean(y);
n = length(y);
Y = abs(fft(y .* hanning(n)));
f = (0:n-1)' * fs / n;
plot(f(400:1700), 20*log10(Y(400:1700)))

Iná ìjọba ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ariwo tó bá ti ara rẹ̀ wá á sì wà ní 50, ní 100, ní 150. Tiwa wà ní 52.1, 104.2 àti 156.3. Bí a bá ti ki ṣájà bọ láàpútọ́ọ̀pù, òmíràn á tún yọ jáde ní 50 gééré, tó bá sì ti jáde kúrò, yóò lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lo bátìrì: láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ariwo iná ọjọ́ òní á dà pọ̀ mọ́ ti ọjọ́ náà, ẹ kò sì ní í mọ èyí tí ẹ ń wò.

52.1 yìí ni iná ìgbà ayé Bàbá Àgbà. Nígbà tí wọ́n ń gba ohùn, 50 ni; bí a ṣe ń gbọ́ ọ lónìí, eré rẹ̀ ti fi ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ jù. Lórí dùùrù, kò pé ìgbésẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Àmì ohùn kò yí padà sí ara wọn, gbogbo wọn ló jọ gòkè, nítorí náà ọ̀rọ̀ ṣì yé ni. Ẹni tó ń sọ ọ́ ló yàtọ̀, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀.

Àmọ́ ó lè jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tàn lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ kì í sì dúró sójú kan bí iná ìjọba, mi ò sì fẹ́ kí gbogbo ìyókù iṣẹ́ yìí dúró lórí iná tí kò dá mi lójú. Ẹ̀rí kejì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀: agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù láàárín ìtàn kẹta. Agogo náà ṣì wà níbẹ̀, wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Ìró rẹ̀ tó lágbára jù lọ jẹ́ 1,180 Hz lónìí, ó sì jẹ́ 1,230 nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi èkíní pín èkejì, 1.042 ló máa jáde. Iná àti agogo sọ ohun kan náà.

Ẹ̀rọ tiwa ha ni ó ń sáré bí? Rárá, torí ìhà A gba ìṣẹ́jú 45 bó ṣe yẹ kí C90 gbà, ní sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eré tí kásẹ́ẹ̀tì ti ń rìn láti ìgbà tí Philips ti mú un jáde ní 1963. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà á ló ń lọ́ra. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì fọwọ́ kan nọ́ńbà kan ṣoṣo. Dípò kí n sọ fún Octave pé 44,100 ni ìṣẹ́jú àáyá kan, mo ní 42,322 ni:

fs = 42322;

Ó parí. Ariwo iná padà sí 50, agogo padà sí 1,180. Ìyá Mọ̀pà gbọ́ ọ, wọ́n sì dá a lóhùn kí wọ́n tó rántí pé kásẹ́ẹ̀tì ni.

Ariwo iná àti ohùn ìsàlẹ̀

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ nìyí.

Mo wọn ohùn Bàbá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ohùn òkè wọn ń gbé ní agbègbè 140 Hz, ti àárín ní 118, ti ìsàlẹ̀ ní 98. Bí ìsàlẹ̀ bá sì wá bọ́ sí ìparí gbólóhùn, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rí ní èdè wa, á tún jábọ́ sí i. Ẹ wá wo ibi tí ariwo iná wà: 50, 100, 150. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ariwo iná jọ ń gbé ojúlé kan náà ni.

Ètò tí a ń fi bọ́tìnì kan ṣoṣo yọ ariwo wà, mo sì dán an wò. Ohun tó mú jáde mọ́ tónítóní, kò sí ariwo níbẹ̀ rárá. Àmọ́ nígbà tí Ìyá Mọ̀pà gbọ́ ọ, wọ́n béèrè pé, "Ta ló fi ọkọ sílẹ̀ létí Odò Ọya?" Kò sí ẹni tó fi ọkọ sílẹ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí omi fà. Etí lè fi àwọn ìlọ́po ohùn tó wà lókè dá ìsàlẹ̀ mọ̀ bí ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ bá sọnù, ṣùgbọ́n nínú téèpù àtijọ́, àwọn ìlọ́po yẹn pàápàá ti rẹ̀, ẹni tó sì ń gbọ́ ọ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kí ló kù fún wọn láti dì mú?

Asẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Mo kọ ọ́ fúnra mi kí n lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó:

function y = yo_ariwo(y, f, bw, fs)
  w = 2*pi*f/fs;
  r = 1 - pi*bw/fs;
  b = [1, -2*cos(w), 1];
  a = [1, -2*r*cos(w), r^2];
  b = b * sum(a) / sum(b);
  y = filtfilt(b, a, y);
endfunction

"f" ni ibi tí ariwo wà, "bw" ni bí ihò tí a gbẹ́ síbẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bí ihò tó wà ní 100 bá fẹ̀ tó 10 Hz, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà ní 98 á pàdánù dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 17, ìyẹn ni pé kò sí mọ́. Bí ó bá jẹ́ 1 Hz, ohun tó máa pàdánù kò tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kan. Iyàtọ̀ láàárín ọkọ àti ọkọ̀ wà nínú nọ́ńbà kan tí ẹ fi sínú àkámọ́. Ní 50, kò sí ohùn èèyàn níbẹ̀, nítorí náà mo fún un láàyè:

y = yo_ariwo(y, 50, 4, fs);
y = yo_ariwo(y, 100, 1, fs);
y = yo_ariwo(y, 150, 1, fs);

filtfilt ń fi ohùn kọjá nínú asẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lọ síwájú àti padà sẹ́yìn, kí asẹ́ má bàa sún ohunkóhun kúrò ní àyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tí mo sọ lókè yẹn fi jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí asẹ́ kan máa mú.

Ṣé gbogbo ariwo lọ? Rárá. Eré téèpù máa ń mì díẹ̀, ariwo iná sì ń mì pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà asẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè mú gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ ṣì ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹ bá fi íápíìsì gbọ́ ọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ariwo tó kù kò ba ọ̀rọ̀ kankan jẹ́, àmì ohùn tí a bá gé sọnù kò sì ní í padà wá. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń fọ ohùn àwọn àgbà wa, ìbáà jẹ́ Owé, ìbáà jẹ́ Ìjùmú tàbí Bùnú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìfẹ́ ohùn tó mọ́ tónítóní mú yín gé ohun tó gbé ìtumọ̀.

Fífi pamọ́

Ibì kan wà tí ẹnì kan ti gbá máìkì ní ìbẹ̀rẹ̀, "gbà!", èyí tó ga ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Bí a bá fi nọ́ńbà tó ga jù lọ díwọ̀n bí ohùn ṣe máa ròkè tó, gbígbá yẹn ló máa pinnu fún gbogbo ìyókù, ọ̀rọ̀ á sì wà nílẹ̀ pátápátá. Mo to àwọn nọ́ńbà náà lẹ́sẹẹsẹ, mo sì wo èyí tó ga ju 999 nínú 1,000 lọ:

s = sort(abs(y));
p = s(round(0.999*length(s)));
y = 0.7 * y / p;
audiowrite("itan_odo_oya.flac", y, fs);

Ohun tó bá kọjá 1, audiowrite á gé e, gbígbá máìkì yẹn nìkan ló sì kọjá. FLAC kò sọ nǹkankan nù bí MP3 ṣe ń ṣe, fáìlì rẹ̀ sì kéré sí WAV. WAV tí a kọ́kọ́ gbà, tí a kò ṣe ohunkóhun sí, wà nínú dísìkì méjì, ọ̀kan ní Ìsánlú, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí ní Lọ́kọ́ja. Bí ẹnì kan bá ní ọgbọ́n tó dára ju tèmi lọ lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn tó ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì kí ó lè dé bó ṣe wà. Bí ẹ bá fi fóònù gbà á láti ẹnu sípíkà, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohùn, iṣẹ́ gbogbo wa ti dànù.

Ìhà B ti parí pẹ̀lú ọ̀nà kan náà. Kásẹ́ẹ̀tì kejì ló kù, ti oríkì nìkan, àmọ́ ewú funfun, irú èyí tó ń hù sára búrẹ́dì tó ti bu, ti hù sí etí téèpù rẹ̀, mi ò sì tíì fi í sínú ẹ̀rọ kankan, torí ewú náà á lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì, á sì ran kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. A nílò ẹ̀rọ àlòkù kan tí a lè fi yí i lábẹ́ òwú gbígbẹ, tí a kò ní í lò fún nǹkan mìíràn lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀gbẹ̀, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, tó ṣì ń yí téèpù bí kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, kí ó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n gbọ́. Màá wá gbé e.